Ilé Ta Ni? Èrò Wa Lórí Fíìmù 'His House'

Nínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa, sinimá àgbéléwò ti ilé ni a sábà máa ń yẹ̀ wò ní irú ojú ewé báyìí, nítorí òun ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wa, òun náà sì ni àwọn ìyá wa fẹ́ràn. Lọ́dún yìí a yà bàrà sí òkè òkun. Fíìmù kan ni a wò ní ilé ọ̀kan nínú wa, àwa bíi mẹ́sàn-án lọ́kùnrin lóbìnrin, tí a sì jiyàn lé e lórí títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀. 'His House' ni wọ́n ń pè é. Remi Weekes ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ nínú rẹ̀. Ọdún 2020 ni ó jáde lórí Netflix, kò sì gùn ju ìṣẹ́jú 93 lọ. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Weekes ṣe nìyí, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn BAFTA nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀ ní ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ ogunléndé ni ó dá lé. Tọkọtaya kan, Bol àti Rial, sá kúrò ní Gúúsù Sudan nígbà tí ogun dé. Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lóru pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ, omi sì gbé ọmọdébìnrin tí ó wà lọ́wọ́ wọn, Nyagak, lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtìmọ́lé ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fún wọn ní ilé kan pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ná, títí wọn yóò fi mọ̀ bóyá a óò gbà wọ́n tàbí a óò dá wọn padà. Wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ owó. Wọn kò gbọdọ̀ kó kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ fi ara hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé ọ̀hún náà wá nìyí: pàǹtírí níwájú ìta, ilẹ̀kùn tí ó yọ bọ́ bí wọ́n ti ń ṣí i, iná tí kò tàn, ògiri tí ó lu ihò. Bol rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn méjì péré ni àwọn ni gbogbo rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ará Sudan kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á sọ pé tiwa ni àwọn òṣèré méjèèjì. Wunmi Mosaku, tí ó ṣe Rial, Zaria tí kò jìnnà sí wa yìí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1986, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Manchester lọ́mọ ọwọ́. Ṣọpẹ́ Dìrísù, tí ó ṣe Bol, London ni wọ́n bí i sí. A ti rí i tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ pé pérépéré bí a ti kọ ọ́ yìí, òun ẹni tí kò dàgbà sí ilé wa. Ẹ mú káàdì ìpè ìgbéyàwó tí a ń tẹ̀ ní Jos wá, kí ẹ wá àmì kan ṣoṣo lára rẹ̀. (Ìwé ìrántí yìí náà kò bọ́ nínú ẹ̀bi yẹn.)

Ohun tí fíìmù yìí mọ̀ dájú ni bí tọkọtaya ṣe ń ya ara wọn lẹ́nu ní àjò. Bol ti pinnu pé òun yóò di ará ibẹ̀, ó fẹ́ ó kọ̀. Ó lọ gẹ irun. Ó wọ ilé ọtí àwọn òyìnbó, ó bá wọn kọ orin bọ́ọ̀lù tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dé ilé ìtajà, ó rí àwòrán ẹbí òyìnbó kan lára ògiri tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ra irú aṣọ tí ó wà lọ́rùn bàbá inú àwòrán náà gan-an. Nígbà tí ó délé, ó ní kí ìyàwó òun dìde nílẹ̀, kí ó wá jókòó sídìí tábìlì, kí ó fi fọ́ọ̀kì jẹun, kí ó sì máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Rial gbìyànjú fọ́ọ̀kì náà. Ó ní irin ni òun ń tọ́ wò. Ó padà sórí ilẹ̀, ó fi ọwọ́ jẹun rẹ̀, ó sì ń sọ èdè Dinka rẹ̀ lọ.

Kò sí ilé Yorùbá kan ní Jos tí kò mọ oúnjẹ alẹ́ yẹn. Ti àwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì. Bàbá yóò bá ọmọ sọ Yorùbá, ọmọ yóò fi Háúsá dá a lóhùn, ìyá yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì parí ìjà fún wọn. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní bí a bá dé ìlú tí wọ́n ti ń tiro, à tiro, a kì í sì í bá ẹni tí ó tiro wí. Ìdí nìyí tí a fi yin Weekes, nítorí kò fi Bol ṣe ẹlẹ́yà. Ìbá rọrùn fún un láti sọ ọ́ di òmùgọ̀ ọkọ tí ó ń ṣe bí òyìnbó, kí ó sì sọ ìyàwó di olùtọ́jú àṣà tí ó mọ́ gaara. Dìrísù fi ojú rẹ̀ hàn wá pé ẹ̀rù ni ó ń ba ọkùnrin yìí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ó máa ń rẹ́rìn-ín jù ní ibi tí kò sí ẹ̀rín. Mosaku ní tirẹ̀ kò pariwo lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ lórí ọkọ̀.

Òyìnbó kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Mark, òṣìṣẹ́ ìjọba tí fáìlì wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Matt Smith ni ó ṣe é. Àwọn kan nínú wa ní ìkà ni Mark. A kò gbà. Àwa tí a ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí fáìlì mọ Mark dáadáa. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ fún wọn pé ilé tí wọ́n fún wọn tóbi ju ti òun lọ, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ ara àwọn ènìyàn rere. Ìmọ̀ràn yẹn dà bí inú rere, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ta ni ó ń kà wọ́n, ta ni ó ń sọ iye ẹni rere tí ó ti pé? Nígbà tí Bol lọ sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ilé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo ara wọn lójú. Ẹni tí a fún ní ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó tún ń ráhùn! A mọ ìwò yẹn. Wọ́n ti wo àwa náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí a mú ọmọ tí a bí sí Jos lọ gba ìwé ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ní kí a lọ gbà á ní ìlú bàbá wa. Kí a má purọ́, àwa náà ti wo ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn tábìlì.

Ibi tí gbogbo pálọ̀ ti rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu wa lójijì, ni ìgbà tí Rial ṣìnà láàárín àdúgbò. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ni ó rí, aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀. Ara tù ú, ó béèrè ọ̀nà. Wọ́n sín ohùn rẹ̀ jẹ, wọ́n ní kí ó padà sí Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní, "Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ wa tí a rán lọ sókè òkun." Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó wọ̀ wá lára jù ni ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà rí àpá lára Rial, ó béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀. Rial dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n ń pa ara wọn ní ìlú òun, oníkálukú ní ilà tirẹ̀, nígbà tí òun sì rí ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn ẹbí òun, òun fi ọwọ́ ara òun kọ ilà méjèèjì sára. Àìjẹ́ ti ẹnikẹ́ni ni ó gbà á là. Ẹ rántí pé oṣù kejìlá ọdún 2013 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Gúúsù Sudan láàárín àwọn tí ó wà lẹ́yìn Ààrẹ Kiir, tí í ṣe Dinka, àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn Machar, tí í ṣe Nuer, nígbà tí òmìnira wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ènìyàn lè gbọ́ èyí nínú ìròyìn kí ó má yé e. Ara Rial ni ó fi yé wa.

Ó sì yé àwa ju bí ó ti lè yé ará London lọ. Yorùbá ni wá, ní ilé kan náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti ti ọdún 2008, àti ti 2010, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dí títì tí wọ́n ń béèrè ẹni tí ènìyàn í ṣe, ìdáhùn méjì ni ọmọ Yorùbá ní. Àwọn tí ń ka Bíbélì nínú wa kọ́ Fátíà lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó wọn. Àwọn tí ń kírun fi àgbélébùú sínú àpò. Lẹ́yìn náà a sọ ọ́ di àwàdà níbi ìkómọ, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Rial kò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ tirẹ̀. Láti ìgbà tí a ti wò ó, àwàdà náà kò dùn mọ́ lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rù inú rẹ̀, torí pé fíìmù abàmì ni. Rial sọ ìtàn kan fún ọkọ rẹ̀: ọkùnrin tálákà kan ń jalè nítorí kí ó lè kọ́ ilé tirẹ̀, ó wá jí nǹkan oṣó òru kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní apeth. Nígbà tí ilé náà parí, oṣó náà wọ inú ògiri rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀. Ohun tí ó ń dún nínú ògiri àwọn náà nìyẹn, òun ni ó bá wọn la òkun kọjá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Bol mú òòlù, ó ń fọ́ ògiri káàkiri pé òun yóò rí i mú, ilé tí ó ní òun fẹ́ tún ṣe sì ń di àlàpà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èyí dára púpọ̀. Èyí tí kò dára tó ni bí nǹkan ṣe máa ń ṣàdédé yọ láti inú òkùnkùn tí ohùn á sì bú gbàmù. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ̀ẹ̀kejì, a fò sókè. Nígbà tí ó di ìkarùn-ún a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a tú àṣírí eré kí òun tó wò ó, kí ó fo ìpínrọ̀ tí ó tẹ̀lé èyí.

Nyagak kì í ṣe ọmọ wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n sá, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó kù, àwọn tí ó ní ọmọ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n sì ń gbà sínú rẹ̀. Bol wo àárín èrò, ó rí ọmọdébìnrin kan, ó gbá a mú, ó ní ọmọ òun ni. Wọ́n gbà wọ́n wọlé. Bọ́ọ̀sì ṣí. Ìgbà náà ni ìyá ọmọ rí i, ó ń sá tẹ̀lé wọn, ó ń ké, ìbọn sì ń dún lẹ́yìn. Ibi tí iyàn wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní ẹ̀mí mẹ́ta ni Bol fẹ́ gbà là, pé bí ó bá fi ọmọ náà sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Ìyá kan dá a lóhùn pé tíkẹ́ẹ̀tì ni ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìgbàlà ni, kí ló dé tí kò na ọwọ́ kejì sí ìyá rẹ̀? Bàbá ní bọ́ọ̀sì kò dúró. Ìyá ní bọ́ọ̀sì dúró fún òun.

Lójú tiwa, ohun tí ó gbé fíìmù yìí ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ eré ogunléndé, otútù, ìwé ìgbélùú àti ojú tí òyìnbó fi ń woni ni ìṣòro. Níbí, ohun tí àwọn tọkọtaya yìí kò tíì lè bá gbé ni ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé. Fọ́ọ̀kì àti aṣọ tuntun àti orin bọ́ọ̀lù, Bol fi ń sá fún bọ́ọ̀sì yẹn ni.

A ní irú rẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi jáde, àwọn ènìyàn wa láti Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti ìlú mìíràn sì kó ẹrù sórí. Nípa ọjà àti ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, a ti gbọ́ títí etí wa fi kún. Nípa ènìyàn tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹnu kì í là. Àwa ti Jos náà kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ kejì rògbòdìyàn ọdún 2001, a ti géètì ọgbà tí a ń gbé. Ẹnì kan wá ń kàn án. Àwa méje ni a wà nínú ọgbà náà, a gbọ́ ọ ketekete, kò sí ẹni tí ó dìde. Ó kàn án títí, ó sì dákẹ́. Títí di òní a kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Nínú gbogbo ìwé ìrántí tí a ti tẹ̀ láti ìgbà náà, a ti kọ nípa ṣọ́ọ̀bù tí ó jóná, a ti kọ nípa àwọn tí ó ṣí lọ sí ilé. A kò tíì kọ nípa géètì.

Fíìmù Amẹ́ríkà kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ èyí, 'The Good Lie', tí Philippe Falardeau darí ní ọdún 2014, lórí àwọn ọmọ Sudan tí wọ́n kó lọ sí Kansas City. Nínú ìyẹn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé ẹ̀bi kiri nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ara rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa rí àwọn yòókù. Eré náà dùn, àwọn tí ó wò ó nínú wa sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi parí, ó ti san gbèsè náà tán, kọ́bọ̀ kò ṣẹ́kù, a sì lè lọ sùn. Weekes kò jẹ́ kí a sùn bẹ́ẹ̀.

Àbí kí a sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí a sùn. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ni ọ̀bẹ. Oṣó náà ní kí Bol fi ara rẹ̀ sanwó ọmọ tí ó kú. Bol gbà. Rial wá yọ ọ̀bẹ, ó pa oṣó náà. Níbo ni wọ́n ti ń pa olówó tí gbèsè á sì tán? Ní ilé wa, yálà a gbé ètùtù, tàbí a kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tàbí a tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run Ọba, ọ̀nà ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹsẹ̀ gbà. Ọ̀bẹ yẹn yá jù, òyìnbó tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ó wà fún. Ó dùn mọ́ wa pé àwòrán tí ó kẹ́yìn tako ọ̀bẹ náà: Bol àti Rial dúró nínú ilé tí wọ́n ń tún ṣe, àwọn òkú wọn sì dúró yí wọn ká nínú gbogbo yàrá, Nyagak wà láàárín wọn. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ìparí méjì ni fíìmù yìí ní, ti ẹ̀yìn ni a gbà.

Orúkọ rẹ̀ náà gbé wa lọ́kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti yàn fún wa pé ọkùnrin ni ó ni ilé. Bí a bá pè é ní Ilé Rẹ̀ lédè tiwa, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ti Bol ni, tàbí ti Rial, tàbí ti oṣó inú ògiri, tàbí ti ọmọ tí ó kú sómi. Gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́jọ́ kan, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 dá a wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn tí ó ti dàgbà jókòó, kí ẹ wò ó papọ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a wò ó, nígbà tí a ti ń wá bàtà wa, ìyá tí ó jiyàn lẹ́ẹ̀kan béèrè pé kí ni orúkọ ìyá ọmọ yẹn. Kò sí ẹni tí ó rántí. Onílé lọ bu epo sínú jẹnẹrétọ̀, a dá fíìmù náà padà sí ibi bọ́ọ̀sì, a wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a tẹ́tí. Igbe rẹ̀ ni a gbọ́. A kò gbọ́ orúkọ.